Ẹsẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà, Kì Í Ṣe Ojú

Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìràwọ̀ lóde òní, ọjà ló kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Èmi náà sáré lọ. Ní Èkó, mo ra awò awọ̀nàjíjìn kan tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé yóò sọ ohun tó bá rí di ńlá ní ìlọ́po 525. Iye tí mo rà á, ẹ má bi mí. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́.

Mo gbé e dé Ayétẹ̀, nílẹ̀ Ìbàràpá, nínú oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú sánmà. Iná ò sí nílùú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìràwọ̀ pọ̀ bí àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní. Mo gbé awò mi nàró, mo de fóònù mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo ohun tí mo yà rí bí ìgbà tí wọ́n fi ọṣẹ pa dígí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ó ní, "Dádì Èkó, ẹ jẹ́ n gbìyànjú." Ó da odó ìyá rẹ̀ dojú dé, ó ní kí fóònù tirẹ̀ dúró fún sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá kó tó yà, ó sì dà á dojú bolẹ̀ sórí odó náà kí kámẹ́rà lè wo òkè. Ìràwọ̀ tó jáde mú ṣónṣó bí orí abẹ́rẹ́. Ojú tì mí.

Kí ló dé? Fífẹ̀ ojú awò tèmi kò ju mìlímítà 60 lọ. Ohun tí awò lè sọ di ńlá kí ó má dàrú kì í sábà ju ìlọ́po méjì iye mìlímítà náà lọ, ìyẹn 120. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ páálí ni.

Ẹ má rò pé àwa aláìmọ̀kan nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, tí òṣùpá bo oòrùn pátápátá, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ ya ìràwọ̀ tó wà nítòsí oòrùn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni Einstein sọ pé oòrùn máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Eddington lọ sí erékùṣù Príncipe, nínú òkun ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìkùukùu dí i lọ́wọ́, fọ́tò méjì péré ló wúlò. Àwọn tó lọ sí Sobral ní Brazil gbé awò ńlá oní-ínṣì 13 dání, wọ́n sì mú kékeré oní-ínṣì 4 kún un. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò, ti awò ńlá ti dàrú; wọ́n gbà pé ooru oòrùn ló ba dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sí i jẹ́. Kékeré ló kó wọn yọ: fọ́tò méje ló mọ́ gaara.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo, tí kò ga gogoro. Bó bá fúyẹ́, ẹ so àpò iyẹ̀pẹ̀ kọ́ ọ láàárín. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà àlòkù tó ṣeé fọwọ́ yí ti tó. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ fi ń sá. Ẹ fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì pín 500: lẹ́ǹsì 50 yóò fún yín ní sẹ́kọ́ǹdì 10, lẹ́ǹsì 25 yóò fún yín ní 20. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ.

Òṣùpá yàtọ̀. Òkúta tí oòrùn ń ràn sí ni. Ọ̀sán gangan ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tó rí òkùnkùn yí i ká á ṣí ojú jù, òṣùpá á wá funfun báláú bí àwo tánganran. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ lójú fóònù, ẹ ó rí àbàwọ́n ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́, kó dúró de ìrọ̀lẹ́ tí oṣù tuntun bá wà nítòsí Àgùàlà, èyí tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀. N ò bú u. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ àríwá ni wọ́n fi ń tò ó. Ní London, ó ga tó dígírì 51. Ní Ayétẹ̀, dígírì méje àti díẹ̀ ni, kò tó ìkúùkù ẹni tó na apá. Igi ọ̀pẹ ti bò ó. Àwa náà ní tiwa ṣá: ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, à ń rí ìràwọ̀ alágbèélébùú ìhà gúúsù, tí ará London ò lè rí láé nílé rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má kọ awò tàbí kámẹ́rà sí oòrùn láìfi asẹ́ tí wọ́n ṣe fún un síwájú rẹ̀. Fíìmù X-ray kò dáàbò bo ojú. Ẹ̀yìn ẹyinjú kì í ro ni nígbà tó bá ń jó.

Ohun èlò tó ṣọ̀wọ́n jù, wọn kì í tà á: òkùnkùn ni. Èkó ti pàdánù rẹ̀, Ayétẹ̀ ṣì ní in. N ò ní kí iná má dé. Ta ni ò fẹ́ iná? Àwọn tó ń ri òpó iná ni mo ń bẹ̀, kí wọ́n dojú gílóòbù kọ ilẹ̀ tí à ń rìn, kí wọ́n má tàn án sí òkè.

Awò 525 ti wà lórí àjà. Ẹsẹ̀ tó wúwo ni mo wá rà. Ìyẹn náà, ìyàwó mi ò tíì gbọ́.