Kí Ló Pa Ti Àkọ́kọ́?

Mẹkáníìkì méjì ló ti dájọ́ ikú fún brainbox ọkọ̀ náà kí wọ́n tó fi okùn fà á dé ṣọ́ọ̀bù ríwáyà kan lẹ́bàá títì tó ti Ìwó lọ sí Òṣogbo. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí Àlàájà tó ni ọkọ̀ lọ wá owó òmíràn. Ẹnì kejì bá a ra tòkunbọ̀, ó fi í sí i, ọkọ̀ jí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún kú. Ni Àlàájà bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú brainbox àkọ́kọ́ nínú lọ́ọ̀lọ́ọ̀nù dúdú, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ kó tó dúró.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wá òmíràn, kó ṣáà jẹ́ ojúlówó.”

Ríwáyà gba lọ́ọ̀lọ́ọ̀nù, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, kò tú u. “Ẹ pẹ̀lẹ́, Àlàájà. Ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́.”

Họ́ọ̀nù ni mo gbé wá tún ṣe ní tèmi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo wá àga. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà sí ìgbà Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, tàbí ọkọ̀ ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Èkó, mọ̀ pé kàbúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kọ́ńtáàtì ló ń ṣáná. Ọmọ iṣẹ́ á fi sáńpépà ra kọ́ńtáàtì, ọkọ̀ á dáhùn. Ní 1979 ni Bosch ti Jámánì gbé Motronic jáde nínú BMW 732i, àpótí kan ṣoṣo tó ń darí epo àti iná pọ̀, irú èyí tí a ń pè ní brainbox. Òfin tó de èéfín ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ti àwọn iléeṣẹ́ yòókù dé ìdí irú àpótí bẹ́ẹ̀, láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 sì ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ibẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kan náà tí wọ́n ń ki skánà bọ̀. Ihò yẹn wúlò, ṣùgbọ́n òun náà ló sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe di ọ̀lẹ. Wọ́n á ka ohun tí skánà kọ, wọ́n á ní kí o lọ ra ohun tó dárúkọ. Bí brainbox bá wá kú, skánà á yadi, ọ̀gá náà á sì yadi.

Ohun tí ríwáyà kọ́kọ́ ṣe kò jọ iṣẹ́. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta ọkọ̀, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwòrán ẹ́ńjìnnì kékeré tó yẹ kó tàn níbẹ̀ kò tàn. Bí iná yẹn bá tàn lójú ọ̀nà, àyà awakọ̀ á já. Ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ ṣí kó má tàn rárá, ìyẹn ló burú jù, torí brainbox ló ń tàn án láti fi hàn pé òun ti jí. Mẹkáníìkì méjì ìṣáájú rí i, wọ́n ní ó ti kú. Ríwáyà rí i, ó ní bóyá oúnjẹ ni kò rí jẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ó bẹ̀rẹ̀ látìdí oúnjẹ náà. Ó fi mítà kan bátìrì: 12.6. Ọmọ iṣẹ́ ta ọkọ̀, òun tẹjú mọ́ mítà bóyá yóò já sábẹ́ 10, kò já. Kò fojú lásán wo fíúùsì bí èmi àti ìwọ ṣe máa ń ṣe. Ó fi mítà kan orí méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó já tín-ín-rín kì í hàn sójú. Ó wá kan ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó so brainbox mọ́ irin ara ọkọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ brainbox tí òun ti rí tí wọ́n kó dànù, ẹ́ẹ̀tì ló ṣẹ̀. Ó tú bóòtù rẹ̀, ó ha ìpẹtà kúrò, ó dè é padà, ó wọn ohun tó ń sọnù níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta ọkọ̀. Kò tó 0.1 fóòtì. Síbẹ̀ iná kò tàn.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni mo ń wò ni ti fóòtì márùn-ún. Brainbox a máa gba fóòtì méjìlá lọ́wọ́ bátìrì, á sọ ọ́ di márùn-ún, á sì pín in fún àwọn sẹ́ńsọ̀ bí ìyá ṣe ń bu ọbẹ̀ fọ́mọ. Bí a bá wọn wáyà yẹn tí a bá òdo, á dà bíi pé ìyá ló kú. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo tó bá ṣọ́ọ̀tì lè gbé gbogbo ìkòkò mì, kí ebi máa pa àwọn yòókù, ká sì máa di ẹ̀bi ru ìyá. Mítà bá òdo. Ríwáyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ di mítà mú, ó ń ka nọ́ńbà sókè.

“Òdo, Ọ̀gá.”

Ó yọ òmíràn.

“Òdo náà ni, Ọ̀gá.”

Bí nọ́ńbà bá fò sókè níbì kan, sẹ́ńsọ̀ lásán ni Àlàájà ìbá rà. Ó yọ gbogbo wọn tán, kò fò. Wákàtí méjì àbọ̀ ti lọ kó tó gbà pé brainbox kú lóòótọ́.

Lẹ́yìn pigeonhole ló wà. Ó tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì, ó fọwọ́ kan irin ọkọ̀ kí iná tó lúgọ sí ara rẹ̀ lè wọlẹ̀, torí iná tí ènìyàn ò ní gbọ́ lára lè pa ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Sípánà 10 ló fi tú u. Kò fa wáyà. Ó tẹ ètè sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jáde.

Ó wá tú lọ́ọ̀lọ́ọ̀nù Àlàájà wàyí, ó ṣí brainbox méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìlú àwọn àfáà ni Ìwó, ó sì pẹ́ tí mo ti ń rí ọmọ kéwú tó tẹ̀ba lórí wàláà. Bí ọkùnrin yìí ṣe tẹ̀ba lórí pátákó aláwọ̀ ewé méjì yẹn gan-an nìyẹn, awò lójú, ètè rẹ̀ ń mì. Kò pẹ́ tó fi ìka hàn mí. Ibì kan náà ló jó dúdú lára méjèèjì.

Kò sí ohun tó ju ìyẹn lọ fún un. Ó ka ẹsẹ̀ tó bọ́ sí ibi tó jó, ó wá wáyà tó bá a mu, ó tọ wáyà náà lọ sínú ẹ́ńjìnnì bí ọdẹ ṣe ń tọ ipa ẹran. Ó já sí fáàfù kékeré tó ń mú sílóò dúró, èyí tí omi rédíétọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Omi àwọ̀ ewé kán sí i lọ́wọ́. Ó wọn àwọn wáyà wíwé inú fáàfù náà: gbogbo wọn dọ́gba, àfi ọ̀kan tó ti ṣọ́ọ̀tì.

“Àlàájà, ẹ wá wo apààyàn.”

Kì í ṣe gbogbo brainbox ni nǹkan ìta ń pa o. Lóṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota fúnra rẹ̀ pe Corolla àti Matrix ti 2005 sí 2008 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, torí pé lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi lẹ nǹkan mọ́ pátákó inú brainbox wọn lè là, kí ọkọ̀ kọ̀ láti jí tàbí kó kú lójú ìrìn. Irú Corolla ọdún wọ̀nyẹn kún títì wa. Ìdí rèé tí ríwáyà fi máa ń fi awò yẹ ojú lẹ́ẹ̀dì wò kó tó sanwó tòkunbọ̀ kankan.

Ìbàdàn ló rán ọmọ iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ kejì, ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yìn àpótí tó kọ sínú ìwé. Ti Toyota a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, ti Nissan pẹ̀lú 23710. Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, onítọ́ọ̀mátíìkì sí oníjíà ọwọ́, ẹ́ńjìnnì kékeré sí ńlá. Ojú wọn lè jọra bí ìbejì, kí ìwà wọn má jọ. “Bí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo,” ni àṣẹ tó pa fún un.

Ọmọ iṣẹ́ mú un bọ̀, nọ́ńbà pé. Ṣùgbọ́n brainbox àlejò kò mọ kọ́kọ́rọ́ Àlàájà. Kókó kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà lára pátákó, kò tó ìdajì èékánná ọmọńdinrín, òun ló ń rántí kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣí lọ sí ilé tuntun. Mẹkáníìkì kejì ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ sì dà bí ẹ̀kọ tó hó dànù. Ríwáyà wò ó, ó pòṣé, kò sọ nǹkan kan.

Ó pa fáànù, ó ti fèrèsé, torí afẹ́fẹ́ a máa mú lẹ́ẹ̀dì tutù lójijì. Ó ya àwòrán kókó náà sínú ìwé, pẹ̀lú àmì tóótó tó ń fi ẹsẹ̀ kìíní hàn, torí ẹni tó bá yí i sódì ti pa á nìyẹn. Ó rọ lẹ́ẹ̀dì tútù sí ẹsẹ̀ apá kan àti apá kejì, ó ń fi ayọ́ọ̀nù lọ, ó ń fi bọ̀, títí kókó náà fi léfòó. Ó fi ẹ̀mú gbé e. Kò tẹ̀ ẹ́, kò fà á; ó gbé e. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tuntun tán, lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń dán. Ọmọ iṣẹ́ ló mí kanlẹ̀.

Fáàfù tuntun ló kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ kẹta, brainbox ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́. Iná tí gbogbo awakọ̀ ń bẹ̀rù tàn, Àlàájà sì pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ jí, sílóò rẹ̀ ń ròkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀; mẹkáníìkì tó wà nítòsí fẹ́ fọwọ́ kàn án, ríwáyà dá a lọ́wọ́ kọ́. “Fi í sílẹ̀, ó ń kọ́ ọkọ̀ ni.” Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó rọlẹ̀.

Àlàájà kò yọwó owó brainbox, kò yọwó owó fáàfù. Owó iṣẹ́ nìkan ló yọ, ó yọ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìdajì, bí a ṣe máa ń ṣe: irin tí a rí la ń sanwó fún, kì í ṣe wákàtí méjì àbọ̀ tí ọkùnrin kan kò fi ra nǹkan kan. Ríwáyà rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó kó òkú brainbox méjèèjì àti fáàfù padà sínú lọ́ọ̀lọ́ọ̀nù dúdú, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti lé lógún ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ ra brainbox, ẹ bi í léèrè ohun tó pa èyí tó wà níbẹ̀. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.