Kíbọ́ọ̀dù Kọ́ Ló Bàjẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Vim ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mo tẹ Ctrl àti S pọ̀ kí n lè fi ohun tí mo kọ pamọ́, bí gbogbo wa ti ń ṣe nínú Word. Ojú kọ̀ǹpútà dúró sójú kan. Mo tẹ lẹ́tà, kò hàn. Mo tẹ Enter, kò mira. Mo fi ìbínú tẹ gbogbo bọ́tìnnì, òfo ni. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kíbọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Bàbá mi yọ owó, ó ra tuntun. Mo tún tẹ Ctrl àti S, bákan náà ló rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n tẹ Ctrl àti Q. Kíá, gbogbo lẹ́tà tí mo ti fi ìbínú tẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà! Wọn kò sọnù rárá.

Inú terminal ni Vim wa ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ nìkan pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àfarawé ẹ̀rọ ayé àtijọ́ bíi Teletype Model 33, tó jáde ní 1963, ni terminal jẹ́. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Ctrl àti S túmọ̀ sí “dúró ná,” Ctrl àti Q sì túmọ̀ sí “máa bá a lọ.” Ẹ̀rọ náà ti kúrò nílẹ̀, àṣẹ rẹ̀ kò kúrò. Vim kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí mo wí. Apá tó ń bójú tó terminal nínú Linux ló gbà á lọ́nà, bí ìgbà tí a fi lẹ́tà rán ọmọdé sí ọ̀gá ilé-ìwé, tí ọlọ́dẹ gbà á, tó sì ti géètì pa láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. A ó kọ stty -ixon sínú fáìlì .bashrc, ọlọ́dẹ yóò sì jẹ́ kí lẹ́tà kọjá. Lẹ́yìn náà, a ó sọ ohun tí Vim yóò fi ṣe nínú .vimrc: nnoremap <C-s> :w<CR>.

Mo dárí ji terminal lórí ohun kan. Nọ́ńbà kan náà, 9, ni ó ń fi ránṣẹ́ fún Tab àti fún Ctrl pẹ̀lú I, nítorí náà Vim kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ogún àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni n kò lè fara mọ́. Ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀, “Mo ti dúró, tẹ Ctrl àti Q,” ì bá ti tó. Ẹ wo nano, tí àwọn kan ń fojú ọmọdé wò: ó ń pa àṣẹ ìdádúró yìí fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Àwa tó ń yin Vim máa ń sọ pé ó yára ju nano lọ. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n.

Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ náà ni mo fi tẹ àròkọ yìí. Mo ti dá tuntun padà sínú páálí rẹ̀. N kò tíì sọ fún bàbá mi.