Ọwọ́ Tó Ya Danger Mouse

Chorlton, ní Manchester wa níhìn-ín, ni Brian Cosgrove àti Mark Hall dá ilé-iṣẹ́ Cosgrove Hall sílẹ̀ sí ní ọdún 1976. Ibẹ̀ ni Danger Mouse, eku amí tó fi aṣọ bo ojú kan, ti jáde sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1981.

Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré lè gba àwòrán 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti dín iṣẹ́ àti owó kù, wọn a fi eku náà sínú òkùnkùn biribiri: ẹyinjú nìkan ni à ń rí, ohùn David Jason ni à ń gbọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rín kò dín. Ọgbọ́n yìí la yìn jù.

Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2009. Mark Hall kú ní 2011. Nígbà tí eku náà padà dé ní 2015, Dublin ni wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Àwa kò bá kọ̀ǹpútà jà; òun ni wọ́n fi ṣe Iwájú, ìtàn Èkó, ní 2024. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọmọ ní ohun tó yẹ ní yíyà àti ohun tó yẹ ní fífi pamọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí sì ti ń kúrò lọ́jà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ ní pẹ́ńsùlù, kí ó ya Ìjàpá.