Ìfẹnukonu Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tún ti kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé àwọn ará Amẹ́ríkà kórìíra ìbálòpọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ìpànìyàn: wọ́n á jẹ́ kí ọmọdé wo ibi tí ìbọn ti ń ró nínú fíìmù, wọn ò ní jẹ́ kó wo ibi tí tọkọtaya ti bọ́ra sílẹ̀. Gbogbo wa ti mọ orin yìí sórí. N kò sọ pé irọ́ ni. Ó kàn jọ pé àwọn tó ń kọ ọ́ kì í jókòó wo fíìmù dáadáa.

Ẹ wo Notorious tí Alfred Hitchcock darí ní 1946. Òfin Hays, tó ń sọ ohun tí fíìmù Hollywood kò gbọdọ̀ fi hàn, ló wà lóde nígbà náà, ọ́fíìsì Joseph Breen sì ti ń mú un ṣẹ láti 1934. Àwọn òṣèré mọ̀ pé ìfẹnukonu kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Hitchcock ní kí Cary Grant àti Ingrid Bergman fẹnu konu díẹ̀, kí wọ́n já a, kí wọ́n sọ̀rọ̀ adìyẹ tí wọn yóò jẹ lálẹ́, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra wọn nìyẹn láti fàráńdà dé ìdí tẹlifóònù, títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lé ní ìṣẹ́jú méjì. Kò sí èyí tó rú òfin níbẹ̀, síbẹ̀ ìran náà gbóná ju ìhòòhò ọ̀pọ̀ fíìmù òde òní lọ. (Adìyẹ yẹn gan-an ló mú un dùn.) Aago ni òfin ń wò, Hitchcock sì mọ̀ ọ́n.

Aago yìí kan náà ló dé bá Kimberly Peirce. Boys Don't Cry, fíìmù rẹ̀ ti 1999, dá lórí Brandon Teena, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin àmọ́ tó ń gbé ìgbé ayé ọkùnrin, tí wọ́n pa ní Nebraska ní 1993. Àwọn aṣàyẹ̀wò MPAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fún un ní NC-17, àmì tí kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 wọlé. Peirce ṣàlàyé fún Kirby Dick nínú fíìmù tí Dick ṣe nípa àwọn aṣàyẹ̀wò náà ní 2006 pé ara ohun tó bí wọn nínú ni bí ìgbádùn Lana, olólùfẹ́ Brandon, ṣe pẹ́ tó. Ojú Chloë Sevigny, tó ṣe Lana, ni kámẹ́rà dúró lé: obìnrin tó ń jẹ̀gbádùn, tí kò kánjú. Nítorí náà, kì í ṣe ìbálòpọ̀ lásán ni wọ́n ń ṣọ́. Ìgbádùn ta ni? Ìbéèrè tí ẹlẹgbẹ́ mi fò dá nìyẹn.

Ìwà ipá náà ní aago tirẹ̀. Nínú The Dark Knight ti 2008, Joker, ọ̀daràn inú fíìmù náà, gbé pẹ́ńsù kan nàró lórí tábìlì, ó ní òun yóò mú un pòórá. Ọmọ ìta kan wá kò ó lójú, Joker sì gbá orí onítọ̀hún mọ́ pẹ́ńsù náà. Ó tán. A ò rí ẹ̀jẹ̀, a ò gbọ́ ìrora, àwọn kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ní sinimá. PG-13 ni wọ́n fún un, àmì tó kàn ń kìlọ̀ fún òbí. Ikú tó yára, tí kò dun ẹnikẹ́ni, ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá.

Peirce gé lára ìgbádùn Lana kó tó rí àmì R, tó fúyẹ́ ju NC-17 lọ, gbà. Ní ti ọta ìbọn tó wọ orí Brandon, ó ní wọn ò bá òun sọ ọ́ rárá. Ẹlẹgbẹ́ mi kọ ojú ìwé mẹ́rìnlá, kò dárúkọ Peirce níbì kankan.