Aago Inú Àwòrán Ẹ̀rọ

Bí àpò afẹ́fẹ́ mọ́tò bá wú lẹ́yìn tí orí awakọ̀ ti gbá sítíárìn, kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, ìdáhùn tó pẹ́, àṣìṣe ni.

Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Rajeev Alur àti David Dill tẹ̀ jáde ní 1994 ni pé wọ́n gbé aago sínú àwòrán ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ìyẹn àpèjúwe bí ẹ̀rọ ṣe ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Aago ń lọ, a lè dá a padà sí òdo, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ kúrò ní ipò kan àfi bí aago bá wà láàárín iye tí a kọ. Ẹni tó bá ní "kíákíá" ní láti sọ iye mìlísẹ́kọ́ńdì.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden àti ti Aalborg ní Denmark ló ṣe UPPAAL, irinṣẹ́ tó ń yẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀rọ orin ilé-iṣẹ́ Bang & Olufsen kan a máa bára wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ a máa sọnù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò lásán ò sì rí ìdí rẹ̀. Ní 1997, UPPAAL tọ ipasẹ̀ àṣìṣe náà: ìṣísẹ̀ 1,998! Ojú wo ló fẹ́ tọ ìyẹn dópin? Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi irinṣẹ́ kan náà yẹ àtúnṣe ọ̀hún wò.