Gbérí Ọdẹ Lábẹ́ Òjò

Nígbàkúùgbà tí àwọn olùwòran àti àwọn òǹkọ̀wé wa bá ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ọdẹ, gbérí ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́: gbérí tí a fi kíjìpá rán, tí owó ẹyọ tò lọ lójú rẹ̀, tí oǹdè àti àdó sì so rọ̀ láyà rẹ̀ bí èso lórí igi. Bí oǹdè náà bá ti pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ bí ọdẹ ọ̀hún ti tó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi gbogbo ẹ̀wù tí a bá dá fún iṣẹ́ inú igbó, n kò sì tíì rí ẹni tó bi gbérí: bí òjò bá ká ọ mọ́nú igbó, kí ni o lè ṣe fún ẹni tó wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún ará Ìjù. Ní ẹkùn Àríwá Àkúrẹ́ yìí, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, kì í sì í dáwọ́ dúró pátápátá títí di ìparí oṣù kẹwàá. Òru ni ọdẹ ń lépa ọ̀yà àti ẹtu lẹ́yìn oko kòkó. Kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, ni ẹni tí ń dọdẹ àparò àti awó ń lúgọ. Eji ò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji rí leji ń pa. Bí òjò bá sì kásẹ̀ ńlẹ̀, ọyẹ́ a gba ipò rẹ̀ ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ínní, òtútù òru a sì máa wọ egungun ẹni tó lúgọ sórí igi láìmira. Ọ̀tá mẹ́ta ni aṣọ ọdẹ ní láti bá jà níhìn-ín: omi, òtútù, àti òógùn. Ẹni tó bá gbàgbé ìkẹta yìí kò mọ igbó wa.

Ní ọjọ́ ọdún Ògún, a máa ń rí gbérí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ lásán, nígbà tí àwọn ọdẹ bá gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká tí wọ́n sì de iná mọ́ iwájú orí, ohun tí mo ń rí lára wọn ní Ìjù yàtọ̀: jákẹ́ẹ̀tì ọ̀kíríkà tí ọrùn rẹ̀ ti gbó, aṣọ òjò onírọ́bà tí ẹnì kan ti kọ́kọ́ wọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, bàtà rọ́bà gígùn, àti ọ̀rá tí a wé mọ́ ẹ̀tù ìbọn. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò aṣọ yìí. Síbẹ̀ òun ni aṣọ ọdẹ tòótọ́ ní ìgbà tiwa, ó sì yẹ kí á gbé òun àti gbérí lé ìwọ̀n kan náà.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ í ṣe ti ara ọdẹ, ti ẹ̀tù ni. Bí omi bá kan ẹ̀tù inú ṣakabùlà, ìbọn di odi. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ yadi níwájú túùkú tó ti fara gbọgbẹ́ kò ní ráyè kì í lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, aṣọ tó ní àpò jíjìn tó sì gbẹ ṣe pàtàkì ju aṣọ tó dán lọ. Awọ ẹran ni àwọn àgbà fi ń ṣe àpò ọdẹ. Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan, bí kò ṣe pé omi kì í tètè la awọ kọjá.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Níhìn-ín ni kíjìpá ti gba ẹ̀yẹ. Ó nípọn, ẹ̀gún kì í tètè ya á, kì í sì í dún bí ó bá kan ewé. Aṣọ òjò onírọ́bà tàbí ti ọ̀rá, ní tirẹ̀, a máa pariwo. Kí ọdẹ tó gbé ẹsẹ̀ kejì, àparò ti fò lọ. Ṣùgbọ́n òwú ni kíjìpá, òwú a sì máa mu omi. Bí ó bá ti rin gbingbin, á wúwo, kò sì ní lè pa ooru mọ́ sára ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́. Ìdájọ́ tèmi ni pé aṣọ ọyẹ́ ni gbérí, kì í ṣe aṣọ òjò. Iyì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí á má fi èyí tí kò ní kún un.

Òṣùwọ̀n kẹta ni àwọ̀, òun ló sì le jù. Ọdẹ fẹ́ kí ẹran má rí òun, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, nítorí pé ìbọn tí a yìn láìmọ ẹni tó wà lẹ́yìn igbó a máa sọ ìyàwó di opó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin pa á láṣẹ pé kí ọdẹ wọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, nítorí ojú àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀ náà bí tiwa ti ń rí i. Gbérí aláwọ̀ ilẹ̀ kò ní ìdáhùn sí ọ̀ràn yìí. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú láti ọjà ọ̀kíríkà náà kò ní.

Ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ibi tí aṣọ òjò onírọ́bà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1823 ni Charles Macintosh, ará Skọ́tíláǹdì, gba ìwé àṣẹ lórí aṣọ méjì tí a fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 1894, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi ìrẹ́, tí oje funfun rẹ̀ ń di rọ́bà, kiri inú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó kọjá lọ sí òkèèrè lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. A kọ igi náà lára títí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fi kú kí ọ̀rúndún náà tó parí. Igbó wa, nígbà náà, wà lára àwọn tó pèsè ohun tí òyìnbó fi ń sá fún òjò. Lónìí, aṣọ òjò tí òyìnbó ti lò sẹ́yìn ni ọdẹ wa ń rà lọ́jà.

Àwọn òyìnbó náà kò bọ́ lọ́wọ́ àṣehàn. Ilé iṣẹ́ Barbour bẹ̀rẹ̀ ní South Shields, ní etíkun England, ní 1894, ó ń ta aṣọ tí omi kì í wọ̀ fún àwọn atukọ̀. Aṣọ tí a fi ìda pa ló sọ ọ́ di olókìkí. Èyí tí wọ́n pè ní Beaufort, tó jáde ní 1983, ní àpò ńlá lẹ́yìn fún ẹyẹ tí ọdẹ bá pa. Lónìí, àwọn ará London tí kò yìnbọn rí ń wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò tìtorí èyí mú ìda kúrò lára rẹ̀, a kò sì yọ àpò ẹyẹ náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ wọ inú òjò ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kí á gbé e wá sí Ìjù o. Ooru wa á mú kí ìda náà rọ̀, òógùn tí kò rí ọ̀nà jáde á sì rin ọdẹ láti inú bí òjò ì bá ti rin ín láti òde. Kódà Gore-Tex, tó dé ọjà ní 1976, tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán omi kò lè gbà á wọlé ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin òógùn lè gbà á jáde, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ òde fúnra rẹ̀ bá ti kún fún ọ̀rinrin.

Ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa jù wà ní Mali. Ní 1982, Patrick McNaughton kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ẹ̀wù tí àwọn ọdẹ Mande ń wọ̀. Láàárín àwọn ọdẹ wọ̀nyí, ẹ̀wù lásán ni ọdẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbòòrò ni ìwo, èékánná àti oògùn ń kún ara rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ẹ̀wù náà jẹ́ àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Gbérí tí télọ̀ rán ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún, tí gbogbo owó ẹyọ rẹ̀ pé lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohunkóhun.

Nítorí náà, n kò ní kí á fi gbérí sílẹ̀. Mo ní kí á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí kíjìpá wà níbẹ̀ nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Kí awọ bo èjìká, níbi tí òjò ti ń kọ́kọ́ bà. Kí abíyá ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Kí àpò ẹ̀tù wà nínú, kí ó jẹ́ awọ. Kí aṣọ pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọdẹ lè tú síta nígbà tí ó bá ń bọ̀ wálé. Ahunṣọ kò tíì tán, télọ̀ kò tíì tán, ọdẹ tí yóò dán an wò náà ṣì wà. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kúrò ní ti ẹran nìkan. Láti 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ tí ọdẹ sì wà lára àwọn tí a gbà sínú rẹ̀, àwa tí a ń sùn nínú ilé pẹ̀lú ń jẹ nínú òru tí wọ́n ń lò lábẹ́ òjò.

Àṣà tí a bá ti yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, eré ni ó kù tí ó lè ṣe. Màrìwò ni àwọn baba wa sọ pé Ògún fi bora. Imọ̀ ọ̀pẹ ni: òjò a máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó kọ́kọ́ fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ ọdẹ mọ ohun tí aṣọ wà fún.