Ilé Tó Wà Lẹ́yìn Ojú

Fọ́tò kẹsàn-án tí a yà nínú ilé tuntun wa, irọ́ ni. Ọjọ́ kẹwàá la yà á. Lọ́jọ́ kẹsàn-án gan-an, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, ṣájà wà nínú ọ̀kan nínú àwọn páálí 17 tí a kò tíì tú, fóònù àwa méjèèjì sì ti kú. A sùn láìya nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí iná dé, a ya fèrèsé ilé ìdáná, a kọ ọjọ́ àná sí i, a sì gbé e sáàárín àwọn yòókù bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Fọ́tò yẹn tiẹ̀ dára ju ti ọjọ́ kẹjọ lọ.

Èkó la ti kó wá sí Ìbàdàn. Àdéhùn wa ò le rárá: fọ́tò kan lóòjọ́, ọdún kan gbáko, láti ọjọ́ tí a bá ti gba kọ́kọ́rọ́. A rò pé ìyẹn á jẹ́ kí ilé tètè mọ́ wa lára. Àmọ́ láti ìgbà tí a ti pa irọ́ kékeré yẹn, nǹkan kan ń yọ wá lẹ́nu, òun ló sì gbé wa padà sídìí iṣẹ́ àwọn kan tó ti ń ṣe èyí tipẹ́tipẹ́. Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣe é. A fẹ́ mọ bí àwọn ṣe ṣe ọjọ́ kẹsàn-án tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Noah Kalina ṣáájú, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i láìmọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní New York, nígbà tó dojú kámẹ́rà kọ ara rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kínní ọdún 2000, tó ya ojú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ó to 2,356 nínú wọn tẹ̀ léra wọn, ó fi dùùrù Carly Comando sí i, ó sì gbé fídíò náà sórí YouTube. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ayé gbọ́. Àwọn tó ń ṣe The Simpsons pàápàá fi ṣe àwàdà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kalina ò dúró: ó gbé òmíràn jáde ní 2012, òmíràn tún ní 2020, nígbà tó pé ogún ọdún.

Gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nípa fídíò yìí, ìfaradà ni wọ́n máa ń yìn. Ogún ọdún! Ojoojúmọ́! A ò bá wọn yìn ín. Ẹni tó ń fọ eyín láràárọ̀ fún ogún ọdún náà ní ìfaradà, a ò sì gbé eyín rẹ̀ kọ́ sílé ọnà. Ohun tó dá wa dúró nínú fídíò yẹn ni ẹ̀yìn Kalina. Ojú rẹ̀ méjèèjì kì í kúrò láàárín. Àmọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀, ògiri ń pa àwọ̀ dà, ibùsùn ń wá, ibùsùn ń lọ, ìmọ́lẹ̀ ń ti apá ọ̀tún bọ́ sí apá òsì, yàrá kan á pòórá, òmíràn á dé. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń wo ìta láti inú bọ́ọ̀sì. Kò sí ibi tó ti sọ fún wa pé òun ti kó. Ojú ló ń yà. Ilé ló yọjú wọlé fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni a rò pé agbára iṣẹ́ náà wà. Ẹ fi wé fọ́tò “ilé tuntun” tí gbogbo wa ń gbé sórí fóònù: pálọ̀ tí a ti gbá, kọ́tìnì tí a ti lọ̀, òdòdó oníke kan lórí tábìlì. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó jápa náà ń kó irú ẹ̀ ránṣẹ́. A rí yìnyín, a rí afárá, a rí kóòtù tuntun. Yàrá tí wọ́n ń sùn sí, tí mátírẹ́ẹ̀sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí àpótí sì di tábìlì, a kì í rí i, àyàfi tí ẹnì kan bá gbàgbé, tó ya ara rẹ̀ nínú dígí. Ẹ máa wo ẹ̀yìn irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ ká sòótọ́, Kalina náà ní àbùkù. Ojú kan náà ló ń gbé wá. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún, kì í ya ẹnu. Ojú ẹni tó wà níwájú òṣìṣẹ́ tó ń fún èèyàn ní físà ni. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó máa ń ṣe wá bíi ká sọ fún un pé, “Bọ̀dá, ẹ mí díẹ̀.” Ohun tí yàrá ń sọ nípa rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà láti sọ.

Bóyá ó tiẹ̀ yẹ ká dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí yàrá sọ̀rọ̀. Karl Baden tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nítòsí Boston láti ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1987 kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, láìsí ohun ọ̀ṣọ́, kí ó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí nìkan ni yóò máa yí padà. Ó mọ́, ó péye. Àmọ́ èèyàn tí kò ní ilé ni a rí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣá wà tí a rí kọ́ lára rẹ̀: ọjọ́ kan wà tó gbàgbé, ní 1991, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí a fẹ́ràn jù nínú wọn ni Jamie Livingston. Akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ni ní Bard College, ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1979. Kámẹ́rà Polaroid SX-70 ló ń lò. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá a láyé: ẹ ó tẹ bọ́tìnì, bébà á jáde níwájú kámẹ́rà, àwòrán á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ lójú yín. Kò sí nẹ́gẹ́tíìfù, kò sí pé ẹ ó tẹ ẹ̀dà míì. Ẹyọ kan ló ń yà lóòjọ́. Tó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn, ó dọ̀la.

Livingston ò ní ojú kan tó gbájú mọ́ bíi ti Kalina. Ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀ ni: ọ̀rẹ́, oúnjẹ, eré baseball lórí tẹlifíṣọ̀n, èèyàn tó dùbúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kúrò nílé ẹ̀kọ́, ó wọ ìlú New York, ó ń ṣiṣẹ́ fíìmù níbẹ̀, àwòrán náà ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dára. Òmíràn ṣókùnkùn, òmíràn ò tiẹ̀ yé wa ohun tó ń yà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó tì wọ́n, tí ẹ wo oṣù kan tán kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń gé irun lónìí ni ẹni tó ń jẹun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn yẹn ni ilé rẹ̀. Ibi yòówù kó máa sùn, àwọn ló ń gbé.

Ní 1997, àìsàn wọ inú àwọn fọ́tò náà. Jẹjẹrẹ ni. A rí ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kẹwàá, a rí ìgbéyàwó. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá yẹn kan náà, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 41. Ọdún méjìdínlógún ló fi yà á. Àwọn fọ́tò náà lé ní 6,000. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hugh Crawford àti Betsy Reid, ló kó wọn jọ, wọ́n sì ṣe àfihàn wọn ní Bard ní 2007.

A ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ yìí káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń mú fọ́tò mélòó kan níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á fò dé òpin, wọ́n á ní ká sunkún. A sunkún lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n fi awo oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n fi eré baseball sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀sán tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyẹn ni ó fi ọdún méjìdínlógún yà. Ọjọ́ tó ṣòfo wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí òrùka oṣù Kẹwàá wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gé àṣàyàn rẹ̀ fún òun, ikú nìkan ló wò, kò wo ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án wa ṣì wà nílẹ̀ o. Tehching Hsieh ló dáhùn rẹ̀ fún wa. Ọmọ Taiwan ni. Ojú omi ló gbà dé Amẹ́ríkà ní 1974, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìwé ìgbélùú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1980, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó fá orí rẹ̀ kodoro, ó gbé aago tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń ki káàdì bọ̀ kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀ ní New York. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, fún ọdún kan, á ki káàdì bọ aago, kámẹ́rà á sì yà á lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kan wá di ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fíìmù, gbogbo ọdún náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Irun rẹ̀ ń hù lójú wa.

Ẹ ro ó wò ná. Ẹni tí ìjọba ò mọ̀ pé ó wà nílùú, ó ń ki káàdì ẹnu iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà á sí, ó sì ń fi hàn ní wákàtí wákàtí pé òun wà níbí. Àwọn èèyàn wa tó ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ lókè òkun mọ bó ṣe ń rí lára.

Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún náà. Nínú rẹ̀, 133 bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí wọn: 94, oorun ló gbé e lọ, 29, ó pẹ́ dé ìdí aago, 10, ó yá a jù, kò tíì tó àsìkò tó ti ki í. Kò ki káàdì lẹ́yìn ọ̀rẹ́ aago kó wá pè é ní àná. Àkọsílẹ̀ oorun 94 yẹn wà lára iṣẹ́ náà. Àwa fẹ́ràn rẹ̀ ju fíìmù lọ, torí ibẹ̀ la ti rí i pé èèyàn ni, ó máa ń rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a wọ ilé wa yìí, ìṣó mẹ́ta ló kù lára ògiri pálọ̀. Lábẹ́ ọ̀kan, ojú ibì kan wà tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ ju ti ara ògiri yòókù lọ, onígun mẹ́rin gẹ́lẹ́. Fọ́tò àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀: Bàbá jókòó, agbádá bo àga, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ó kọjú sí wa tààrà. Òkè nítòsí àjà ni wọ́n máa ń gbé e kọ́, tí férémù á tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n yà á. Kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní irọ́, bí àga tí Bàbá jókòó lé bá tiẹ̀ jẹ́ ti oní-fọ́tò. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹni báyìí nìyí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò ojoojúmọ́ ò lè sọ ìyẹn. Kò dúró pẹ́ tó. Kò wọ agbádá. Ohun kan ṣoṣo tó gbé lọ́wọ́ wá ni ọjọ́: lónìí, níbí, bó ṣe rí nìyí. Fèrèsé tí a yà lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́wà, àmọ́ a ti gba ohun kan ṣoṣo tó ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

A ti yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ kẹsàn-án ṣófo báyìí, a kọ “kò síná” sí i. Bí a ṣe ń kọ èyí, a ti wà ní ọjọ́ 74, mẹ́rin ló sì ti bọ́: iná kan, oorun méjì, ìjà kan. Ọjọ́ ìjà yẹn, kálukú kọjú sí ògiri tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè pé kí ni a máa yà. A kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Páálí mẹ́ta ṣì wà tí a ò tíì tú. Ṣájà, lábẹ́ ọmọ odó la ti rí i.